Láti Bódìjà dé Òkè Màpó

Ẹni tí ó kúrò ní Bódìjà, tí ó gba Dùgbẹ̀ gun Òkè Màpó, ti ti ìlú tuntun dé ìlú àtijọ́ nínú Ìbàdàn kan náà. Láti iwájú Gbọ̀ngàn Màpó, tí a ṣí ní 1929, òrùlé páànù pupa rẹ́súrẹ́sú ni ojú ń rí lọ. Àwọ̀ yìí ni àlejò ń yìn. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀dà, páànù ni ó dógùn-ún. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn agboolé wà, níbi tí a sin àwọn baba ńlá sí. Bí àwọn ọmọ bá kọ́lé sí Bódìjà, tí wọn kò padà tún ti baba wọn ṣe, ògiri amọ̀ yóò wó, ìtàn ìdílé yóò sì bá a lọ.