Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Àwọn tó gba ilé rélùwéè là

Ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn. Bí irin náà ṣe ń gùn sí i ni wọ́n ń kọ́ ilé fún àwọn ọ̀gá rẹ̀.

📌 Ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Jaekel House, ilé alájà tí wọ́n kọ́ ní 1898 nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ́bútè Mẹ́ta. Francis Jaekel tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé náà jẹ́ ọ̀gá rélùwéè. Òun ló kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà tí Spectrum Books, n'Íbàdàn wa níbí, tẹ̀ jáde.

📌 Ta ló tún Jaekel House ṣe? Legacy 1995, ẹgbẹ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, pẹ̀lú àjọ rélùwéè. Lónìí, ilé náà ti di mùsíọ́mù.

📌 Kì í ṣe gbogbo ilé ló rí olùgbàlà. Ilé Ilojo Bar l'Ékòó, tí ìjọba ti kà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956, di wíwó lulẹ̀ ní 2016.

📌 Ẹ̀yin ará Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Bẹ́yẹrúnkà n'Íbàdàn ńkọ́? Bí ilé amọ̀ bàbá yín bá ń sán, ẹ má kàn rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ǹtì. Sìmẹ́ǹtì máa ń sé omi mọ́ inú amọ̀, ògiri á sì máa jẹrà lábẹ́lẹ̀. Amọ̀ ni kí ẹ fi dí amọ̀. Ẹ tètè pààrọ̀ páànù tó ń jò, kí ẹ sì ya fọ́tò ilé náà kí bíríkìlà tó fọwọ́ kàn án.