Ibi Tí Etí Ti Lè Sinmi Lẹ́bàá Bar Harbor

Bar Harbor kì í ṣe ìlú ńlá. Àwọn olùgbé ibẹ̀ kò ju bíi 5,000 lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé wọn ni Acadia wà, ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí àlejò rẹ̀ ń sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́rin lọ́dún. Ìgbà ooru àti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà tí ewé ń wọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń ya dé. Tó bá ti di oṣù keje, èjìká ni èèyàn fi ń gbá èèyàn lójú pópó, mọ́tò á sì máa yí ká bí ẹni ń wá ohun tó sọnù, kò ní rí ibi dúró sí. Kí wá ni kí ẹni tó fẹ́ wo òkun, tó fẹ́ sùn nínú àgọ́, tí kò sì fẹ́ ariwo, ṣe?

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ṣí máàpù, wọ́n á wá ibi tó jìnnà sí ìlú, wọ́n á gbà pé ibẹ̀ ló máa dákẹ́. Mi ò dá wọn lẹ́bi, àmọ́ jíjìnnà nìkan kò tó. Ọ̀nà tó kọjá níwájú ibùdó ìpàgọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: níbo ló ń lọ, ta ló ń gbà á, aago mélòó ni wọ́n ń gbà á? Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ béèrè ohun tí òfin ibùdó gba aládùúgbò yín láyè láti tàn.

Mount Desert ni orúkọ erékùṣù tí Bar Harbor wà lórí rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Maine. Láti ìlú Trenton ni mọ́tò ti ń wọ ibẹ̀, ojú ọ̀nà kan náà sì ni gbogbo ayé ń gbà, ìdí nìyí tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ fi máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó rí òkun rárá. Bí ẹ bá ti sọdá tán, ọ̀nà á pín. Èyí tó yà sápá òsì ń lọ sí Bar Harbor. Èyí tó yà sápá ọ̀tún ń lọ sí Southwest Harbor. Somes Sound, apá òkun kan tó ti ẹ̀gbẹ́ gúúsù wọnú ilẹ̀, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ là erékùṣù náà sí méjì láàárín wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀, apá ìlà-oòrùn ló wà: òkè Cadillac, Sand Beach, Thunder Hole, àti ọ̀nà Park Loop Road tó so wọ́n pọ̀. Apá ìwọ̀-oòrùn ni ti àwọn apẹja àti àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ló ń pè é ní ẹ̀gbẹ́ tó dákẹ́, òótọ́ sì ni wọ́n ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ náà ní wákàtí tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i.

Ibùdó mẹ́ta ni ọgbà náà ní tí mọ́tò lè wọ̀. Blackwoods ló sún mọ́ ìlú jù, bíi kìlómítà 8 sí Bar Harbor, àyè ìpàgọ́ ibẹ̀ sì lé ní 250. Ó dára o. Igi bo ibẹ̀ dáadáa, ẹ ó sì fẹsẹ̀ rìn dé etí òkun láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n Route 3 ló kọjá níwájú rẹ̀, ọ̀nà yìí ló sì gba Otter Creek lọ sí Seal Harbor àti Northeast Harbor, nítorí náà mọ́tò kì í dá lójú ọ̀sán. Ti òru ló tún wá yàtọ̀. Òkè Cadillac ga tó mítà 466, kò sí òkè tó ga jù ú lọ ní etí òkun Àtìláńtíìkì ti Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn sì máa ń fẹ́ dúró lórí rẹ̀ wo bí oòrùn ṣe ń yọ. Láti 2021 ni mọ́tò tó bá fẹ́ gun òkè náà lákòókò tí èrò pọ̀ ti gbọ́dọ̀ ra àyè sílẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ní oṣù keje oòrùn ti ń yọ ní bí aago márùn-ún ìdájí, ẹni tó bá ti ra àyè ti gbọ́dọ̀ jí kó tó di aago mẹ́rin. Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń fa zíìpù àgọ́, ẹ ó gbọ́ ọmọdé tó ń sunkún pé oorun ṣì ń kun òun, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn mọ́tò: gbà, gbà, gbà. Òfin ní kí ibùdó dákẹ́ láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di mẹ́fà òwúrọ̀, àmọ́ kò sí òfin tó ní kí èèyàn má wọ mọ́tò rẹ̀ jáde.

Seawall wà ní apá kejì, bíi kìlómítà 29 sí Bar Harbor, àyè ibẹ̀ sì tó 200. Èmi á mú ibẹ̀ ṣáájú Blackwoods lọ́jọ́kọ́jọ́, ọ̀nà ló sì jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Route 102A tó kọjá níwájú rẹ̀ kàn yí ká etí òkun ni, ó sì tún padà síbi tó ti wá. Kò sẹ́ni tó ń gbà á lọ síbòmíràn. Ohun kan ṣoṣo tó ń fa èrò síbẹ̀ ni ilé iná atọ́nà ọkọ̀ ti Bass Harbor Head, tí wọ́n kọ́ ní 1858, tí gbogbo oníkámẹ́rà fẹ́ yà nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Bí oòrùn bá ti wọ̀ tán, wọ́n á túká, ọ̀nà á ṣófo.

Òkúta tí òkun fúnra rẹ̀ kó jọ bí ògiri sí etíkun ló fún ibẹ̀ ní orúkọ. Òkun tó kó o jọ tún lè tú u ká: ìjì méjì tẹ̀lé ara wọn ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n sì ba ọ̀nà iwájú Seawall jẹ́. Ẹ wo ìkànnì ọgbà náà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ mọ̀ bóyá ọ̀nà ṣí àti bóyá ibùdó fúnra rẹ̀ ń gbàlejò.

Ẹ̀kẹta ni Schoodic Woods, tí wọ́n ṣí ní 2015. Kò sí lórí erékùṣù náà rárá. Apá Acadia tó wà lórí ilẹ̀ ńlá, lódìkejì Frenchman Bay, nítòsí Winter Harbor, ló wà. Láti Bar Harbor, ó tó wákàtí kan gbáko nínú mọ́tò. Àyè rẹ̀ kò pé 100. Bí ẹ bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ ju ìgbafẹ́ lọ, ẹ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá ń lálàá Thunder Hole àti Sand Beach, wákàtí kan àlọ àti wákàtí kan àbọ̀ lójoojúmọ́ á sọ ìsinmi di iṣẹ́ awakọ̀. Ọkọ̀ ojú omi elérò kan wà tó ń ná Winter Harbor sí Bar Harbor nígbà ooru, ó sì ń dín ìyà yẹn kù.

Ẹni tó bá ti gbé Èkó rí kò nílò àlàyé lórí jẹnẹrétọ̀. Àwọn tó ń gbé ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ bí ilé wá sí ibùdó, tí fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú rẹ̀, nílò iná. Ní Blackwoods àti Seawall, kò sí iná ìjọba ní àyè kọ̀ọ̀kan, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń tàn láwọn wákàtí tí òfin yọ̀ǹda. Ní Schoodic Woods, wọ́n ti fa iná dé ọ̀dọ̀ irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti rí ibi fi wáyà sí kò ní í dá ara rẹ̀ lóró pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé ibùdó tó ní iná lè dákẹ́ ju èyí tí kò ní lọ.

Àyè tó dákẹ́ jù ní ibùdókíbùdó ni èyí tí mọ́tò kò lè dé. Seawall ní irú rẹ̀, Schoodic náà ní díẹ̀: ẹ ó gbé mọ́tò kalẹ̀, ẹ ó fẹsẹ̀ gbé ẹrù dé ìdí àgọ́. Èèyàn kì í fẹ́ ẹ nítorí ẹrù, bẹ́ẹ̀ ẹrù yẹn gan-an ló ń lé aláriwo lọ. Ẹni tó ní gbohùngbohùn tó tóbi bí àpótí aṣọ kò ní í rù ú gba inú igbó.

Nípa ti àyè tí mọ́tò ń dé, ìkànnì Recreation.gov tí wọ́n ti ń gbà á ní máàpù tó ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn, púpọ̀ ló sì ní fọ́tò. Ẹ wá ilé ìyàgbẹ́ lórí máàpù náà, kí ẹ sì jìnnà sí i díẹ̀. Kì í ṣe nítorí òórùn. Ó mọ́ tónítóní. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ló ń ró ní gbogbo òru, iná rẹ̀ kì í kú, ẹsẹ̀ gbogbo ọmọdé ibùdó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ àgọ́ yín lọ síbẹ̀. Ẹ jìnnà sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú, àti sí ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí.

Ẹ má ṣe rò pé etí omi gan-an ló máa ń dákẹ́ jù. Omi Maine tutù, ìwọ̀n 10 sí 15 Celsius ni nínú ooru pàápàá. Lálẹ́, atẹ́gùn tó sùn lé omi á tutù, èyí tó wà lókè rẹ̀ á móoru jù ú lọ, ìró tó yẹ kó fò lọ sókè á sì tẹ̀ padà wálẹ̀, á wá máa sáré lórí omi. Báyìí ni ẹni tó sùn sétí Frenchman Bay ṣe lè gbọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ tó dúró lójú agbami níwájú Bar Harbor, kí ẹni tó wà láàárín igbó nítòsí má gbọ́ nǹkan kan. Tí wọ́n bá ní ibùdó aládàáni kan “kọjú sí òkun,” ẹ béèrè apá òkun wo ló kọjú sí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Seawall, ìró tí ẹ ó gbọ́ yàtọ̀. Agogo ńláńlá wà tó léfòó lórí omi láti fi ọ̀nà han ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó ń lù wọ́n, ìgbì ló ń mì wọ́n, nítorí náà ìlù wọn kì í dọ́gba. Nígbà tí kùrukùru bá bolẹ̀, fèrè kùrukùru náà lè máa dún. Ó máa ń tu àwọn kan lára, àwọn mìíràn ò lè fojú ba oorun.

Àwọn apẹja alákàṣà, ìyẹn edé ńlá tó lọ́wọ́ bí alákàn, tún wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ọkọ̀ wọn á ti máa ké kí ilẹ̀ tó mọ́, láti inú Bass Harbor àti Southwest Harbor. Òfin Maine ni kò jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ lóru: láti oṣù kẹfà dé ìparí oṣù kẹwàá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fa àgò alákàṣà sókè láti ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ títí di ìdajì wákàtí kó tó yọ. Láti oṣù kẹfà dé ìparí oṣù kẹjọ, wọn ò tún gbọdọ̀ fa àgò láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé títí di ìdájí ọjọ́ Ajé. Bí ẹ bá wá láàárín oṣù mẹ́ta yìí, tí ẹ sì fẹ́ sùn dáadáa, ẹ jẹ́ kí òru Sátidé wà nínú ìrìn àjò yín. Kàyéfì ni, torí òru Sátidé gan-an ni gbogbo ènìyàn ń sá fún.

Àkókò wo ló dára jù? Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà kò lérò, àmọ́ kantíkantí dúdú á fẹ̀jẹ̀ yín jẹun, kùrukùru sì pọ̀. Oṣù kẹsàn-án ni mo fara mọ́. Wọ́n á sọ fún yín pé èrò ṣì kún Bar Harbor nígbà yẹn, wọn ò parọ́, torí ìgbà náà ni ọkọ̀ òkun afẹ́ máa ń dé jù. Ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ yìí dun ará ìlú débi pé wọ́n dìbò ní 2022 pé kí èrò tó ń sọ̀kalẹ̀ lójúmọ́ má ju 1,000 lọ, ọ̀rọ̀ sì dé kóòtù. Ṣùgbọ́n èrò ọkọ̀ òkun kì í pàgọ́. Ìrọ̀lẹ́ á lé wọn padà sínú ọkọ̀. Iléèwé sì ti wọlé, àwọn ẹlẹ́bí ti lọ sílé. Ìlú á kún, ibùdó á rọlẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹwàá nìkan ni kí ẹ yẹra fún, nítorí ewé pupa àti ìsinmi ìjọba.

A kì í kàn dé ibẹ̀ ká gba àyè lẹ́nu ọ̀nà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àyè ń jáde ní oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ dé, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ìwọ̀nba tó kù ń jáde ní ọjọ́ 14 ṣáájú, ní aago kan náà. Ẹ ti wọlé sórí ìkànnì ṣáájú aago náà, kí ẹ ti mọ nọ́ńbà àyè tí ẹ fẹ́. Àwọn tó bá fagi lé tiwọn máa ń dá a padà sí ìkànnì kan náà, nítorí náà ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò nírọ̀lẹ́ ọjọ́rú àti ọjọ́bọ̀ lè bá ire pàdé.

Ènìyàn mẹ́fà ni òfin gbà ní àyè kan, pẹ̀lú mọ́tò kan. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti Boston tàbí Providence wá pẹ̀lú bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́rin, àǹtí, àti ọmọ àǹtí, ẹ gba méjì tó kangun síra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbé igi ìdáná wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn. Maine fòfin dè é nítorí kòkòrò tó ń pa igi, ẹ ó sì rí igi rà lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sí ibi ìwẹ̀ nínú ibùdó ọgbà náà. Ìta ni ẹ ó ti sanwó wẹ̀.

Bọ́ọ̀sì Island Explorer, ọ̀fẹ́ ni, láti 1999 ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń dé àwọn ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ìparí oṣù kẹfà títí di bí àárín oṣù kẹwàá. Bí ẹ bá pàgọ́ sí Seawall, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ wọ ìlú, kí ẹ sì wo aago tí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ń padà, nítorí ó lè kúrò ní Bar Harbor kí àwọn ilé oúnjẹ tó tilẹ̀kùn.