Ẹ̀wù Tí Akàn Bọ́ Sílẹ̀ Létí Odò Elbe

Tí ẹ bá ń gbé ní Harburg, tí ẹ sì máa ń rìn létí odò Elbe nígbà tí omi bá ti fà, ẹ lè rí akàn kan tó nà gbalaja sórí ẹrẹ̀. Ẹ má tíì ní ó ti kú. Ẹ fi igi gbé e wò. Tó bá fúyẹ́, tó ṣófo nínú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì là, akàn kọ́ nìyẹn o. Ẹ̀wù rẹ̀ ni.

Akàn àti edé ò ní egungun nínú ara. Ìkarahun òde ni egungun tiwọn, kálísíọ́mù ló sì mú kó le. Àmọ́ kì í dàgbà. Bó bá ti há mọ́ akàn lára, àfi kó bọ́ ọ.

Á kọ́kọ́ ṣe tuntun tó rọ̀ sábẹ́ ti àtijọ́. Á wá fa omi sára títí ti àtijọ́ á fi là lẹ́yìn, á sì fẹ̀yìn rìn jáde. Gbogbo rẹ̀ ló ń bọ́: ẹsẹ̀ mẹ́jọ, ọwọ́ méjì, títí kan awọ tó bo ojú! Ìdí nìyẹn tí èyí tó kù sílẹ̀ fi jọ odidi akàn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé a máa ń sọ pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́ orí? Lọ́jọ́ tó bá bọ́ ẹ̀wù, ojú nìkan ò tó. Ara rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, ẹja lè gbé e mì, akàn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà lè jẹ ẹ́. Á fara pamọ́ títí ara á fi le.

Ọmọ Ṣáínà ni akàn Elbe tí mò ń sọ yìí. Ọdún 1912 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Jámánì, nínú odò Aller. Wollhandkrabbe ni wọ́n ń pè é, torí irun tó bo ọwọ́ rẹ̀ bí ìbọ̀wọ́ òtútù. (Ó ti mọ bí Hamburg ṣe rí!) Nínú omi iyọ̀ ló ti ń bímọ, àwọn ọmọ á gòkè odò, àwọn kan a dé Havel ní Berlin. Wọ́n ń gbẹ́ ihò sí bèbè odò, bèbè á sì máa ya. Láti 2016, òfin Yúróòpù ò gbà kéèyàn sìn ín tàbí kó tú u sínú omi mìíràn. Nítorí náà, tó bá wà láàyè, ẹ má gbé e lọ sílé fọ́mọ ṣeré.

Ìkarahun òfìfo ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ yí ikùn rẹ̀ sókè: bí ìrù tó ká mọ́ ibẹ̀ bá tín-ín-rín, akọ ni, bó bá fẹ̀, tó rí róbótó, abo ni.