Ọmọ Ti Wà Lókèèrè Kó Tó Wọ Bàálù

Tí wọ́n bá ní ọmọ ẹnì kan lọ kàwé lókèèrè, bàálù, òtútù, físà àti owó ilé ìwé ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ Adja-Ouèrè, ní ẹkùn Plateau tó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ìrìn àjò náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó gbọ́ orúkọ Paris rí. Láti Ikpinlè dé Massè, láti Kpoulou dé Oko-Akaré, Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ná àgbàdo lọ́jà, òun ni wọ́n fi ń sọ ọmọ lórúkọ, yálà ti àwọn Nàgó tàbí ti àwọn Ọ̀họ̀rí. Àwọn tó ń sọ Fọ̀n àti Ẹ̀gùn náà wà láàárín wọn. Lọ́jọ́ tí ọmọ ọdún mẹ́fà bá wọ kíláàsì àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní CI, èdè Faransé ló bá níbẹ̀: òun ni wọ́n fi kọ ìwé tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, òun náà ni olùkọ́ fi ń kọ́ ọ ní ìṣirò. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kò tíì kúrò lábúlé, àmọ́ ó ti dé ilẹ̀ àjèjì. Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ nínú ìnira tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ń rí ní ọdún gígùn tó ń lò lókèèrè, kì í ṣe ọ̀hún ló ti kó o. Láti CI ló ti gbé e dání.

Ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ ń lò kó tó ṣe CEP, ìdánwò tó parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin míì kó tó dé ìdánwò BEPC, mẹ́ta sí i kó tó kojú bákì tó parí ilé ìwé girama. Ọdún mẹ́tàlá nìyẹn, tí èdè tó ń lò nílé kò sì sí nínú ìwé ìmọ̀ kankan tó ń kà. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òpè ló wọ kíláàsì náà. Ọmọ tí wọ́n bí sáàárín ọ̀pẹ ní Adja-Ouèrè ti mọ ẹyìn yàtọ̀ sí èkùrọ́, ó mọ epo pupa yàtọ̀ sí àdín, ó mọ ìgbà tí ìdì ẹyìn tó ó gé. Nígbà tí olùkọ́ bá wá ń ṣàlàyé bí igi ṣe ń so èso, ohun tí ọmọ yìí mọ̀ jù lọ láyé ni wọ́n ń sọ, òun sì ni kò lè lanu sí. Ohun tó kù fún un ni àkọ́sórí. Yóò ka gbólóhùn náà léraléra títí yóò fi dúró sí i lórí, yóò sì dà á padà fún olùkọ́ lọ́jọ́ ìdánwò. Ọ̀nà yìí lè gbé ọmọ dé bákì. Àmọ́ ní yunifásítì òkèèrè, níbi tí wọ́n ti ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kó ta ko ìwé, kó sọ èrò tirẹ̀, ibẹ̀ ni àkọ́sórí ti máa ń já ènìyàn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ní gbòǹgbò. Láyé ìjọba amúnisìn, tí orúkọ ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ Dahomey, àwọn tó mọ̀wé jù ni wọ́n ń kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ William Ponty ní Senegal, láti fi wọ́n ṣe olùkọ́ àti akọ̀wé. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé Faransé nílẹ̀ Áfíríkà nígbà náà, ọmọ tó bá fi èdè ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbé àmì ẹ̀sín kọ́ lọ́rùn, kò sì ní bọ́ ọ títí yóò fi rí ọmọ mìíràn mú tó ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Ọdún 1970 ni wọ́n tó dá yunifásítì sílẹ̀ ní Abomey-Calavi. Kó tó di ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ oyè yunifásítì gbọ́dọ̀ sọdá ààlà. Lónìí, ti Parakou ti wà, ti iṣẹ́ àgbẹ̀ sì wà ní Kétu, tí kò jìnnà sí Adja-Ouèrè. Àmì ẹ̀sín náà ti kúrò lọ́rùn, ṣùgbọ́n èdè tó wà nínú ìwé kò yí padà.

Àwọn òbí kan yóò ní owó ni ìṣòro, kì í ṣe èdè. N kò ní bá wọn jiyàn pé owó kò le. Ẹni tó fẹ́ gba físà akẹ́kọ̀ọ́ ti Faransé ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní yúrò 615 fún oṣù kọ̀ọ̀kan, èyí tó lé ní 403,000 sẹ́fà. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí láti oṣù kìíní ọdún 2023 jẹ́ 52,000 sẹ́fà. Ìyẹn ni pé ohun tí ọmọ yóò jẹ lóṣù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ. Láti ọdún 2019, Faransé tún fi kún owó tí àwọn tí kì í ṣe ará Yúróòpù ń san ní yunifásítì ìjọba, yúrò 2,770 lọ́dún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún oyè àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yunifásítì púpọ̀ ń yọ̀ǹda díẹ̀ tàbí gbogbo rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 964 lọ lọ́dún. Ẹ fi ọkàn ro ọmọ tó ti tú àpò gbogbo ẹbí ká. Kò lè sọ nílé pé òun kò lóye ohun tí wọ́n ń kọ́ òun, nítorí a ti ná owó, a sì ti ṣe sàráà. Owó yìí gan-an ni kì í jẹ́ kí ọmọ sọ ibi tó ń dùn ún, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ ká yanjú ìpìlẹ̀ kí owó tó jáde.

Ẹ wá wo bí àwọn tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ṣe ń ṣe é. Ẹni tí ìjọba Ṣáínà bá fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti fi èdè wọn kẹ́kọ̀ọ́ gboyè àkọ́kọ́, nǹkan bí ọdún kan ló máa ń fi kọ́ èdè náà kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́ tó bá wá. Jámánì ní ilé ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Studienkolleg fún ẹni tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò bá tíì tó láti wọ yunifásítì wọn tààrà. Géńdé ọmọ ogún ọdún, tó ti gba bákì, ni wọ́n ń fún ní ọdún kan láti tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ olùkọ́. Ta ló fún ọmọ ọdún mẹ́fà ní Massè ní oṣù kan péré? Ohun tí a kò retí lọ́wọ́ àgbà la ń retí lọ́wọ́ ọmọdé, tí kò bá sì rí i ṣe, a óò ní orí rẹ̀ kú.

Ẹ̀rí mìíràn wà nítòsí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà tó pín ilẹ̀ Kétu sí méjì, tí ìlú Ìmẹ̀kọ fi bọ́ sí apá tó di Nàìjíríà lónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ láti Adja-Ouèrè tó bá lọ kàwé ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn kò nílò ògbufọ̀ láti ra ata. Wọ́n lè rẹ́rìn-ín sí bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ mélòó kan, wọn kò ní pè é ní àlejò. Àmọ́ tó bá ti wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ báyìí, àjèjì ló dà, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ilé ìwé nìkan ló ń jẹ́ òkèèrè fún un nílùú tó ti ń gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́.

Èyí tó lágbára jù nínú àwọn àtakò ni pé Faransé tí ọmọ ń kọ́ láti kékeré ni àǹfààní rẹ̀. Ẹni tó bá dé Lyon kò nílò ọdún kan láti kọ́ èdè. Òótọ́ ni, n kò sì sọ pé ká mú Faransé kúrò. Ohun tí mò ń sọ ni pé kó má ṣe jẹ́ òun ni ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé ìwé St. Stephen's ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Kì í ṣe ẹni tí kò rìn jìnnà ló ronú kan èyí. Amẹ́ríkà ni Fáfúnwá ti kàwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì New York ní ọdún 1955. Ẹni tó mọ òkèèrè dáadáa ló padà wá sọ pé ilé ni kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ti ọmọ Adja-Ouèrè tó ń sọ Fọ̀n nílé, Fọ̀n ni mo ń bá a bẹ̀bẹ̀ fún, kì í ṣe Yorùbá. Ìwé kíkà lédè Yorùbá kò sì ṣòro wá, nítorí ó pọ̀ ní ìhà kejì ààlà. Ìyàtọ̀ àkọtọ́ ló wà níbẹ̀: «kp» ni wọ́n ń kọ ní Bẹ̀nẹ̀ níbi tí Nàìjíríà ti ń kọ «p», wọ́n sì ń kọ «sh» dípò «ṣ». Olùkọ́ tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ kò ní pẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ.

Ìpadàbọ̀ ló kù, òun ló sì ká mi lára jù. Paulin Hountondji, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó kàwé ní École normale supérieure ní Paris, tó padà wá kọ́ni nílé, tó sì papò dà ní ọdún 2024, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé pé iṣẹ́ ìwádìí nílẹ̀ Áfíríkà kọjú sí òde: òde ló ń bi í ní ìbéèrè, òde náà ló ń gbọ́ ìdáhùn. Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè, nítòsí Adja-Ouèrè, Faransé sì ni èdè iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ tó lo ọdún mẹ́wàá lókèèrè lórí ilẹ̀ tàbí ọ̀pẹ lè padà wálé láìní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún bàbá tó tọ́ ọ. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Àmọ́ ẹni tó wà ní Rabat, ní Paris tàbí ní Dakar lónìí lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ìjọba. Tó bá parí ìwé oyè rẹ̀, kó kọ ojú ewé méjì lédè Yorùbá lórí ohun tó rí, kó fi ránṣẹ́ sílé, kí wọ́n kà á lórí rédíò lálẹ́, nígbà tí àwọn aráalé bá ti oko dé.