Ọmọ Tó Ń Tọ̀ Sílé Kò Jẹ̀bi: Ohun Tí Òbí Lè Ṣe

Pàṣán ni oògùn tí ọ̀pọ̀ ilé kọ́kọ́ máa ń lò fún ọmọ tó bá ń tọ̀ sílé. Níbòmíràn, wọ́n á gbé ẹní tútù rù ú, wọ́n á ní kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa kọrin yẹ̀yẹ́ tẹ̀lé e káàkiri àdúgbò. Ìyà àjẹgbé ni. Ọmọ tó sùn kò mọ ìgbà tí ìtọ̀ jáde lára òun. Pàṣán àárọ̀ kò lè kọ́ ọ lóhun tójú rẹ̀ ò rí lóru.

Nínú 100 ọmọ ọlọ́dún 5, bíi 15 ló ṣì ń tọ̀ sílé, ọkùnrin sì pọ̀ nínú wọn ju obìnrin lọ. Èyí tó pọ̀ jù máa ń jáwọ́ fúnra wọn bí wọ́n bá ṣe ń dàgbà. Kí ọmọ tó pé ọdún 5, àwọn dókítà kì í kà á sí àìsàn rárá.

Kí ló ń fà á?

Lóru, ọpọlọ máa ń tú èròjà kan tó ń jẹ́ vasopressin sínú ẹ̀jẹ̀, kí kíndìnrín lè dín ìtọ̀ kù. Lára àwọn ọmọ kan, èròjà yìí kò tíì pọ̀ tó. Àpò ìtọ̀ àwọn mìíràn kéré. Oorun àwọn kan sì wuwo débi pé bí àpò ìtọ̀ bá kún, wọn ò ní jí. Ó tún máa ń rìn nínú ìdílé: bí ẹ̀yin náà bá tọ̀ sílé rí ní kékeré, ẹ sọ fún ọmọ yín, yóò tù ú nínú.

Ìtọ́jú nílé

Ẹ jẹ́ kó mu omi dáadáa lójúmọmọ, kó dín in kù bí àkókò oorun bá ń sún mọ́. Ẹ má fún un ní tíì tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò lálẹ́. Kó tọ̀ kó tó sùn. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ aṣọ ibùsùn, kí ẹ gbé póò sí tòsí. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá ń le, ẹ wá nǹkan ṣe sí i, torí ìfun tó kún máa ń fún àpò ìtọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ yìn ín pé ó rántí tọ̀ kó tó sùn. Ẹ má ṣe so ẹ̀bùn mọ́ ibùsùn gbígbẹ, torí ìyẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Jíjí ọmọ lóru lè gba ibùsùn là lálẹ́ ọjọ́ náà, àmọ́ kì í wo ọmọ sàn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó máa ń dún gbàrà tí ìtọ̀ bá kàn án. Láàárín oṣù bíi 2 tàbí 3, ara ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti tó ọdún 6 tàbí 7 máa ń kọ́ láti jí kí ìtọ̀ tó jáde. Oògùn desmopressin náà wà, dókítà nìkan ló sì yẹ kó kọ ọ́ fún ọmọ.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn

Bí ọmọ tó ti jáwọ́ fún oṣù 6 bá tún bẹ̀rẹ̀, tàbí bí ìtọ̀ bá ń ta á, ẹ gbé e lọ. Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́ lemọ́lemọ́, tó sì ń rù, ẹ má ṣe fi falẹ̀: ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ.

Ní Nàìjíríà, ẹ wo jẹ́nótáìpù ọmọ náà pẹ̀lú. Kíndìnrín ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde kì í lè fa omi padà sára bó ṣe yẹ, nítorí náà ìtọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀, ó sì máa ń tọ̀ sílé ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe fi omi dù ú nítorí ibùsùn. Àìtó omi lára lè dá ìrora egungun sílẹ̀ fún un, ìrora náà sì burú ju ẹní tútù lọ fíìfíì.