Ta ni ẹ̀gbọ́n, ta ni àbúrò? Ọ̀rọ̀ ìbátan nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ fraternity àti sorority sí Yorùbá yóò rí i pé iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ní Nàìjíríà, "ẹgbẹ́ òkùnkùn" ti di orúkọ fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ìbọn àti àdá jà. Bí a bá lo orúkọ yẹn fún àwọn ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà, a ti dá wọn lẹ́jọ́ kí a tó gbọ́ tẹnu wọn. Bí a bá sì ní "ẹgbẹ́" lásán, ìbátan tó wà nínú orúkọ náà ti sọnù: láti inú frater àti soror ti Látìn ni wọ́n ti wá, àwọn kan náà tó di frère àti sœur ní Faransé. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ìbátan ń ṣe láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí ni mo fẹ́ wò níhìn-ín, torí mo gbà pé ibẹ̀ ni àǹfààní ẹgbẹ́ náà wà, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà.

Phi Beta Kappa ló kọ́kọ́ fi lẹ́tà Gíríìkì ṣe orúkọ, ní 1776, ní College of William and Mary ní Virginia. Nígbà tí àwọn obìnrin dá tiwọn sílẹ̀, bíi Kappa Alpha Theta ní 1870, fraternity ni àwọn náà ń jẹ́. Ó di nǹkan bí ọdún 1882 kí olùkọ́ kan ní Syracuse tó fún ẹgbẹ́ Gamma Phi Beta ní ọ̀rọ̀ sorority. Brother tàbí sister: Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ya ọkùnrin sọ́tọ̀ lára obìnrin. Ọ̀rọ̀ ilé tiwa kò béèrè ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ẹni tó ṣáájú. Arákùnrin àti arábìnrin wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn ṣọ́ọ̀ṣì ni etí mi ń gbọ́ nínú wọn. N kò tíì rí ọmọ Kétu tó ń pe àbúrò rẹ̀ ní arákùnrin nínú ilé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà, tí èdè wọn kò ní ọ̀rọ̀ ẹyọ kan fún ẹ̀gbọ́n, ti ṣẹ̀dá rẹ̀ fúnra wọn. Ẹni tuntun máa ń ní big brother tàbí big sister, òun náà á sì jẹ́ little fún onítọ̀hún. Wọn kì í ka ọjọ́ orí; ọjọ́ tí kálukú wọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń kà. Ìyàwó ilé ní ilẹ̀ wa mọ ètò yìí dáadáa: ọmọ tó ti wà nílé kí ó tó dé, kì í pè é lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ kékeré.

Láàárín àwọn ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ti àwọn adúláwọ̀, ètò náà tún le sí i. Àwọn tó wọlé pọ̀ máa ń tò sórí ìlà kan, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, wọ́n á sì di line brothers tàbí line sisters títí ayé. Soror ni àwọn obìnrin wọn ń pe ara wọn, Látìn gan-an. Kì í ṣe fújà ló bí èyí. Àwọn méje tó dá Alpha Phi Alpha sílẹ̀ ní Cornell ní 1906 wà níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ dúdú kò ti pọ̀, tí ilé ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun kò sì gbà wọ́n. Ìkàwé pọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Alpha Kappa Alpha tẹ̀ lé e ní Howard ní 1908. Martin Luther King Jr. jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, Kamala Harris jẹ́ ti èkejì. Ẹgbẹ́ kì í parí pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí: ẹ̀ka wà fún àwọn tó ti jáde, ẹni tó bá sì dé ìlú àjèjì, tó gbọ́ igbe skee-wee lókèèrè, mọ̀ pé òun ní ará níbẹ̀.

Fún àwa onímọ̀ èdè, iṣẹ́ Scott Kiesling ló yẹ ká kọ́kọ́ kà. Ó bá ẹgbẹ́ ọkùnrin kan rìn ní Virginia, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1998. Ìparí ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ní -ing, tí ẹnu lè pè ní -in, ló wò. Níbi ìgbádùn, -in ló wọ́pọ̀ lẹ́nu gbogbo wọn. Níbi ìpàdé, ọ̀pọ̀ yí sí -ing, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ kò yí: wọ́n fẹ́ kí a rí wọn bí ọkùnrin tó ń fi ara ṣiṣẹ́, tí kì í ṣe àṣehàn. Ìró kékeré báyìí ni wọ́n fi ń wá agbára láàárín àwọn tó ní ọmọ ìyá ni àwọn.

Nísinsìnyí, ewu. Kí ènìyàn tó di brother, pledge ni. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìbátan pamọ́ fún un bí ẹ̀bùn tó gbọ́dọ̀ jìyà kí ó tó gbà, èyí tí Faransé ń pè ní bizutage. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ọmọ ọdún 19 kan ní Penn State ṣubú lórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn tí wọ́n fi ọtí kún inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wákàtí kọjá kí ẹnikẹ́ni tó ké sí àwọn oníṣègùn, ó sì kú. Ọ̀rọ̀ kan náà tó ń mú kí ará ran ará lọ́wọ́ lè mú kí ará má tú àṣírí ará. Ilẹ̀ Faransé ti sọ bizutage di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin láti 1998; Amẹ́ríkà ṣe òfin àpapọ̀ tó ní kí yunifásítì máa kéde irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 2024. Èmi kò rò pé ẹ̀gbọ́n ló burú. Ẹ̀gbọ́n ilé wa ń dáhùn fún àbúrò lọ́dọ̀ òbí. Big brother inú ilé ẹgbẹ́ kò ní àgbà kankan lókè rẹ̀ ní òru ọjọ́ náà.

Nínú ìtumọ̀ tí mò ń ṣe, "ẹgbẹ́ ọmọ ìyá" ni mo yàn fún àwọn méjèèjì. Kò ya akọ lára abo, ilé ẹ̀kọ́ gíga fúnra rẹ̀ sì ń jẹ́ alma mater, ìyá tó ń bọ́ni. Big brother di "ẹ̀gbọ́n ẹgbẹ́". Pledge ló kù. "Ọmọ ìkọ́ṣẹ́" kò tọ́, torí ọ̀gá iṣẹ́ máa ń kọ́ni níṣẹ́. "Ẹni ẹnu ọ̀nà" ni mò ń lò fún ìgbà díẹ̀, títí àwọn ará Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀ka wa yóò fi mú èyí tó dára jù wá.