Ọkọ̀ Asáré Nígbà Òtútù: Ṣé Kí A Máa Wà Á Ni, Tàbí Kí A Gbé E Pamọ́?

Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ. Púpọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní Ìlú Ọba. Àwọn mìíràn nínú wa sì ń ra ọkọ̀ tọ́kúnbọ̀ tí ó ti ilẹ̀ òtútù wá. Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ wa lọ́hùn-ún máa ń bi ara wọn: ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ asáré, èyí tí wọ́n ń pè ní spọ́ọ̀tì-káà, ṣé kí ó máa wà á kiri nígbà òtútù ni, tàbí kí ó gbé e pamọ́ títí ooru yóò fi dé?

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ afẹ́ lásán ni. Owó ńlá ni wọ́n fi ń ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a sì fi owó rà tí a kò tọ́jú, bí ẹni da owó sómi ni.

Òtútù kọ́ ni ọ̀tá, iyọ̀ ni

Nígbà òtútù, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìlú Ọba máa ń da iyọ̀ sí ojú títì kí omi má baà dì níbẹ̀. Iyọ̀ náà kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á. Ní Winsford, ní agbègbè Cheshire, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà á láti ọdún 1844. Omi tó ní iyọ̀ nínú kì í tètè dì, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà kì í fi í yọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ yìí kan náà ni táyà ń ta sí abẹ́ ọkọ̀, tí ó ń wọ inú kọ̀rọ̀ gbogbo. Ẹni tí ó bá kọ́lé sí etí òkun mọ bí páànù ṣe ń tètè dípẹtà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún ọkọ̀. Gbogbo ọkọ̀ kọ́ ló rí bákan náà ṣá. Porsche bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin tí wọ́n fi síńkì bò, bíi ti páànù òrùlé, ṣe ọkọ̀ 911 láàárín àwọn ọdún 1970. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àtijọ́ bíi MGB, tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba láti 1962 sí 1980, abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pẹ́ jẹrà bí iyọ̀ bá ti débẹ̀.

Ohun kejì ni táyà. Táyà ìgbà ooru tí ó máa ń wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ asáré máa ń le gbagidi bí òtútù bá ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá nǹkan bíi 7°C, kò sì ní di ọ̀nà mú dáadáa mọ́. Ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ pọ̀, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì ń tì í, ó lè fi ìdí yí lójijì.

Bí ẹ bá fẹ́ máa wà á

Ẹ fi táyà ìgbà òtútù sí i ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní Jámánì, bí yìnyín bá wà lójú ọ̀nà, òfin kò gbà kí ènìyàn wakọ̀ láìsí táyà tó yẹ fún un. Ẹ máa fi omi fọ abẹ́ ọkọ̀ déédéé, kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan. Ẹ sì jẹ́ kí ó rìn jìnnà kí ẹ́ńjìnnì lè gbóná dáadáa.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e pamọ́

Ìgbépamọ́ kì í ṣe kí a kàn ti ilẹ̀kùn gáréèjì pa. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe nìyí:

1. Ẹ fọ ọkọ̀ náà tinú-tòde, kí ó gbẹ kó tó wọlé.
2. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì tó ti dọ̀tí ní omi àti oró nínú, ó sì lè jẹ irin.
3. Ẹ rọ epo kún táńkì. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, epo pẹtiróòlù tó wọ́pọ̀ ní Ìlú Ọba, tí wọ́n ń pè ní E10, lè ní ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ọtí yìí a máa fa omi mọ́ra. E5 ló sàn fún ọkọ̀ tí yóò jókòó pẹ́.
4. Ẹ so bátìrì mọ́ ẹ̀rọ kékeré tí ń bọ́ ọ níná díẹ̀díẹ̀. Bátìrì tó ti kú tán lè dì.
5. Ẹ fi atẹ́gùn kún táyà díẹ̀ sí i, kí ó má baà tẹ́ lójú kan.
6. Ẹ má ṣe fa bíréèkì ọwọ́, kó má baà lẹ̀. Ẹ fi igi há táyà.
7. Ẹ dí ẹnu sáláńsà nítorí èkúté, kí ẹ sì kọ ọ́ síwájú ọkọ̀ pé ẹ dí i.
8. Aṣọ tí ń mí ni kí ẹ fi bò ó, kì í ṣe ọ̀rá. Ọ̀rá a máa ká omi mọ́ inú.

Ẹ má gbàgbé òfin. Ní Ìlú Ọba, láti 1998, ẹni tí kò bá san owó orí ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí DVLA pé òun ti gbé e kúrò lójú títì. SORN ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn náà, kò gbọdọ̀ gbé e sí etí títì ìjọba rárá. Ẹni tí ó bá sì wà á kiri, ilé ẹjọ́ lè bu owó ìtanràn tó £2,500 lé e.

Ìmọ̀ràn wa

Ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ mìíràn tí ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, tí ó sì ní ibi gbígbẹ, kí ó gbé ọkọ̀ asáré rẹ̀ pamọ́. Ẹni tí kò bá ní èkejì, kí ó máa wà á, kí ó sì máa fọ iyọ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù ni ti àwọn tó ń gbé ọkọ̀ pamọ́, tí wọ́n tún ń ṣíná sí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n rò pé àwọn ń ṣe é lóore. Omi tí iná ẹ́ńjìnnì ń bí kò ní ráyè gbẹ. Inú sáláńsà àti inú ọ́ìlì ni yóò jókòó sí. Bí a bá máa wà á, ká wà á. Bí a bá máa gbé e pamọ́, ká jẹ́ kó sinmi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tọ́kúnbọ̀, ẹ̀kọ́ tiyín nìyí. Ara ọkọ̀ lè máa dán bíi dígí, kí abẹ́ rẹ̀ ti jẹrà. Kí ẹ tó fi owó tí ẹ yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ mú mẹkáníìkì yín dání, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀: ṣásí, páìpù bíréèkì, àti abẹ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn síbẹ̀ lè jẹ́ ìbòjú. Páìpù bíréèkì tí iyọ̀ ti jẹ kì í kìlọ̀ kó tó bẹ́, ẹ̀mí ènìyàn kò sì ní ààrọ̀. Gbèsè ọkọ̀ tó ti jẹrà, ẹni tó rà á ni yóò san án tán.

Ajé á wá o. Ó di oṣù tó ń bọ̀.